Ooru ń mú wọn lóru, nǹkan oṣù wọn ń ṣe ségesège: Ohun tó ń ṣe àwọn ìyá ẹlẹ́ja Màhìntẹ̀dó kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì í ṣe oyún

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn obìnrin kì í la ẹnu sọ níṣojú ọkùnrin, bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ọ́ láàrin ara wọn, ńṣe ni ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá dé Màhìntẹ̀dó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, oríṣiríṣi ẹjọ́ ni yóò gbọ́: ẹja tó wọ́n, owó epo tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ń jẹ, omi òkun tó ń gbé ilé àwọn ará Ayétòrò lọ. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n ń sọ síta. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ fún un nípa ìyá ẹni ọdún 47 tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, tó wá ń rí i lójijì bí ìgbà tí omi ya wọlé, tí kò sì dá lọ́jọ́ kẹwàá.

Ẹ mú ìyá kan bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Orúkọ ò ṣe pàtàkì, nítorí irú ẹ̀ ò lóǹkà létí omi. Ẹja yíyan niṣẹ́ ẹ̀. Láti ìdájí ló ti ń retí ọkọ̀ àwọn apẹja, á ná an, á gbé e, á kó igi sídìí àrò, èéfín á sì gba ojú ẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kan tó dúró sídìí àrò yẹn, ooru kan gbéra láti àyà ẹ̀, ó gba ọrùn gòkè, ó dé orí, òógùn bò ó, ọkàn ẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó ní iná ni. Ta ni ò ní í sọ pé iná ni? Àfi ìgbà tó di òru, tí àrò ti kú, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wọlé yẹ́ẹ́, tí gbogbo èèyàn fa aṣọ bora, tóun nìkan dìde jókòó, tí aṣọ tó fi sùn rin gbingbin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Ẹ̀rù sì bà á.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń di wàhálà. Bó bá sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọ̀rẹ́ á ní oyún ni, kó tètè lọ tọ́jú ara ẹ̀. Bó bá sọ fún ìyá ọkọ, ìyá ọkọ á ní ayé ti ń bá a ṣeré, kí wọ́n gbé e lọ sílé àdúrà. Oníkẹ́míìsì ò ní í bi í ní ọjọ́ orí, oògùn tó ń fa nǹkan oṣù wá ló máa dì fún un. Ẹlòmíràn á ki egbò bọnú ògógóró fún un, á ní kó máa mu ún láàárọ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ọtí líle wà lára ohun tó máa ń ta ooru yẹn jí lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Ọkọ tó sì rí i pé ìyàwó òun ń dìde jókòó lóru, tí kò fẹ́ kẹ́nì kankan fọwọ́ kan òun, tó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ìyẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìròkurò. Àwọn obìnrin wà nílẹ̀ Yorùbá yìí tí wọ́n ti pè lájẹ̀ẹ́ nítorí pé wọn ò rí oorun sùn lóru.

Kò sì sí nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀ ju pé ara obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọmọ bíbí mọ́.

Ẹyin tí Ọlọ́run kà fún un

Kò yẹ kí àlàyé ẹ̀ le. Ọmọbìnrin kì í ṣe ẹyin tuntun bó ṣe ń dàgbà. Gbogbo ẹyin tó máa lò láyé ẹ̀ ló gbé wáyé látinú ìyá ẹ̀, wọ́n sì tó mílíọ̀nù kan sí méjì lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tó bá máa fi bàlágà, ọ̀pọ̀ ti kú dànù, á ku nǹkan bíi 300,000 sí 400,000. Lóṣooṣù, ẹyin kan ló sábà máa ń jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mìíràn ń bá a kú lọ, yálà ó lóyún o, kò lóyún o, yálà ó lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tàbí kò lò ó. Nígbà tó bá fi kù díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́ta ọdún, àpò ẹyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Àpò ẹyin yìí kan náà ló ń ṣe họ́mónù méjì tó ń darí nǹkan oṣù, estrogen àti progesterone. Estrogen ló ń mú kí ara inú ilé-ọmọ nípọn bí ẹní tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ de àlejò. Progesterone ló ń tún un ṣe, tó sì ń jẹ́ kó ká kúrò létòlétò nígbà tí àlejò ò bá dé. Ṣùgbọ́n ẹyin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kí progesterone tó lè pọ̀ nínú ara. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn. Bí ọjọ́ orí bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta, oṣù kan á wà tí ẹyin ò ní í jáde rárá. Estrogen á máa tẹ́ ẹní lé ẹní, kò sì ní í sí ẹni tó máa ká a. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, obìnrin náà ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí gbogbo ẹní yẹn bá wá wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ tó máa jáde kì í ṣe kékeré. Ìdí rèé tí ẹni tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún àádọ́rin ọjọ́ fi lè wá máa pàrọ̀ aṣọ ní wákàtí wákàtí.

Àwọn kan rò pé ńṣe ni họ́mónù yìí máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sán tó ń di alẹ́. Rárá o. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì rí létí omi Ìlàjẹ mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe máa ń ṣe bí epo bá fẹ́ tán: á bú ramúramù, á gbọ̀n, á kú, á tún jí, á sáré díẹ̀, á tún kú. Bí estrogen ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan, ó lè ga ju ti ọmọ ogún ọdún lọ, lọ́sẹ̀ kejì, ó ti já wálẹ̀. Ọpọlọ náà á rí i pé àpò ẹyin ò dáhùn mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rán họ́mónù tiẹ̀ sí i léraléra láti jí i dìde. Jíjáwálẹ̀ yìí ló ń da apá ibi tó ń wọn ooru ara nínú ọpọlọ láàmú, tí á fi máa rò pé ara ti gbóná nígbà tí kò gbóná. Á pàṣẹ kí òógùn máa jáde. Òun ni ooru òru yẹn.

Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, de Gardanne, ló fún dídáwọ́ nǹkan oṣù dúró ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, menopause, lọ́dún 1821. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ìgbà wo gan-an ló máa ń bẹ̀rẹ̀?

Àwọn dókítà ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n, kò sì nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ olówó ńlá fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti lé ní ọdún 45. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé kí ìyàtọ̀ ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa wà láàrin oṣù kan sí èkejì, bí àpẹẹrẹ, kó dé lọ́jọ́ 25 lóṣù yìí, kó dé lọ́jọ́ 34 lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá ti wá di pé ó ń fo 60 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé, ọ̀rọ̀ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tí obìnrin ò bá rí nǹkan oṣù fún oṣù 12 léraléra, láìjẹ́ pé ó lóyún tàbí ó ń lo oògùn kan, ni wọ́n tó lè sọ pé ó ti dáwọ́ dúró. Bó bá rí i lóṣù kọkànlá, á tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìrìn àjò yìí sábà máa ń gbà tó ọdún mẹ́rin, ti ẹlòmíràn ò ju oṣù mélòó kan lọ, ti ẹlòmíràn ń lọ sí ọdún mẹ́jọ. Ìwé kékeré kan àti bírò ló tó: kí obìnrin máa kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá sílẹ̀, bí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń kọ gbèsè oníbàárà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa náà ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe tòyìnbó nìkan. Lọ́dún 1990, Friday Okonofua àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 500, ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù wọn dúró, bí wọ́n bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 48.4. Okonofua yìí náà ló wá di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, UNIMED, tó wà nílùú Oǹdó. Lọ́dún 2009 ni OlaOlorun àti Lawoyin gbé tiwọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn obìnrin tó lé ní 1,000 sọ̀rọ̀ nílùú Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ sí ohun táwọn òyìnbó ń kọ sínú ìwé wọn. Ooru ara kọ́ ló ṣáájú. Ìrora oríkèé àti ẹran ara ló ṣáájú, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Àárẹ̀ ara àti ti ọkàn tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdá 43, ìṣòro ìbálòpọ̀ jẹ́ ìdá 40, ooru ara sì jẹ́ ìdá 39.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń sọ. Ìyá tó ń tẹ̀ba sídìí àrò, tó ń ru apẹ̀rẹ̀ ẹja láti etí omi, tó tún ń hun ẹní bí ọwọ́ bá dilẹ̀, bí ìka àti orúnkún bá ń dùn ún, iṣẹ́ ló máa dẹ́bi fún. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ méjèèjì. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn láti ọdún 1996 nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SWAN, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ooru ara yìí ń bá fínra pẹ́ jù lọ, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ fún ìdajì wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọdún méje ó lé díẹ̀ ni ti gbogbo wọn lápapọ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún obìnrin dúdú pé kó fara dà á, pé á lọ lọ́la, irọ́ ló ń pa fún un.

Oyún ìju àti ẹ̀rù ọkọ

Ìgbàgbọ́ kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn ìyá wa pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ yẹn, inú ló ń kó jọ sí, àti pé bí obìnrin tó ti dáwọ́ dúró bá ń bá ọkọ sùn, ikùn ẹ̀ á wú, á sì di oyún ìju. Ìdí kan rèé tí ọ̀pọ̀ ìyá fi ń kó ẹní kúrò ní yàrá ọkọ. Ìdí mìíràn ni ọmọ-ọmọ. Àwọn òyìnbó tọkọtaya kan, John àti Pat Caldwell, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1977 lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàrin àwọn Yorùbá, pé ìtìjú ńlá ni lójú ọ̀pọ̀ obìnrin kí ọmọ ẹni máa bímọ kí ìyá náà tún máa bímọ, nítorí náà, bí wọ́n bá ti di ìyá àgbà, wọ́n ti kúrò lórí ibùsùn nìyẹn. Ọkọ tí kò yé ló máa ń wá ìyàwó mìíràn wálé. Ìjà orogún tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí ìyá ilé pé ẹni àádọ́ta ọdún, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà.

Ká sọ tòótọ́, àwọn ìyá àtijọ́ ò dédé sọ ọ́. Ọjọ́ orí yìí gan-an ni fáíbírọ́ìdì máa ń fojú hàn lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ikùn á wú, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀. Wọ́n rí ikùn tó wú, wọ́n rí nǹkan oṣù tó dúró, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kankan ò kó jọ síbì kan. Bí họ́mónù bá ti lọ sílẹ̀, ara inú ilé-ọmọ ò nípọn mọ́, kò sì sí ohun tó máa wó. Ọkọ ò sì lè fi ìbálòpọ̀ fún ìyàwó ẹ̀ ní fáíbírọ́ìdì. Kódà, fáíbírọ́ìdì sábà máa ń sún kì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró tán. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ara á gbẹ, á sì máa dun obìnrin, nǹkan ìpara sì wà fún ìyẹn tí nọ́ọ̀sì lè sọ fún un.

Àṣìṣe kejì lòdì sí ti àkọ́kọ́. Àwọn kan ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan oṣù ti ń fo oṣù méjì mẹ́ta, àwọn ò lè lóyún mọ́. Ẹyin kan ṣoṣo tó bá jáde lóṣù tí wọn ò fọkàn sí ló máa dá wọn lẹ́bi. Oyún ẹni ọdún 46 sì léwu ju ti ọmọ ọdún 26 lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀jẹ̀ dídà wà níbẹ̀, pàápàá níbi tó jẹ́ pé wọ́n máa gbé aláboyún wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó rí dókítà. Ohun táwọn onímọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí sọ ni pé ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ dúró kó tó pé ọdún 50, kó ṣì máa dáàbò bo ara ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún kan tó.

Ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tọjọ́ orí

Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ bọ̀ yìí kì í pani. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń jẹ́ kí ohun tó ń pani ráàyè fara pamọ́. Ìyá tó ti gbọ́ pé ọjọ́ orí ló ń ṣe òun lè máa fi ọdún kan gbáko da ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ tàbí ti inú ilé-ọmọ ló ń fà á. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láàrin oṣù kan sí èkejì, ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì láàrin wákàtí kan fún wákàtí mélòó kan, èyí tó ń ju ọjọ́ méje lọ ní gbogbo ìgbà, ọ̀rọ̀ dókítà ni gbogbo wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé kí obìnrin tó ti pé ọdún kan tí kò rí nǹkan oṣù, kó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, bó tiẹ̀ ṣe ẹ̀kán kan ṣoṣo. Àwọn kan máa ń dúpẹ́ pé àwọn ti padà di ọ̀dọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpẹ́ o, ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bákan náà lẹni tí tiẹ̀ dúró kó tó pé ẹni ogójì ọdún, ìyẹn ti yá jù, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lóṣooṣù fúnra ẹ̀ tún ń sọ obìnrin di aláìlẹ́jẹ̀. Ojú á funfun, èémí á máa gbé e bó bá gun àtẹ̀gùn tàbí wa ọkọ̀, orí á máa yí i. Oògùn tó ń fún ara lẹ́jẹ̀ ò wọ́n, wọ́n sì ní oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù lọ́jọ́ tó bá pọ̀, tí wọ́n ń pè ní tranexamic acid, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Wọ́n tún lè fi ohun kékeré kan tó ní họ́mónù sínú ilé-ọmọ, á dín ẹ̀jẹ̀ kù, á sì tún jẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Ta ló ń tọ́jú ìyá tí kò bímọ mọ́?

Ibi tó yẹ kí ìjọba gbọ́ ọ̀rọ̀ sí rèé. Lọ́dún 2009, nígbà ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ dókítà, ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè láti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera, ìtọ́jú wọn di ọ̀fẹ́, tàwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún náà sì di ọ̀fẹ́. Lọ́dún 2010 ni ilé ìwòsàn ìyá àtọmọ ṣí l'Ákùúrẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, tọmọdé tàgbà ló yìn ín, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú ètò náà: aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Ìyá ẹni ọdún 48 tí kò lóyún, tí kò gbé ọmọ pọ̀n, tó sì ń da ẹ̀jẹ̀, kò sí nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàkiri Nàìjíríà. Obìnrin ń rí nọ́ọ̀sì nígbà tó ń bímọ, ọjọ́ tó bá dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, ó dàgbére fún ilé ìwòsàn nìyẹn títí àìsàn ńlá á fi gbé e padà.

Ó sì jẹ́ àkókò yẹn gan-an ló nílò rẹ̀ jù, nítorí estrogen tó ń lọ yẹn kì í nìkan lọ. Egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́ kíákíá, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á máa gòkè. Nínú èyí, àwọn ará etí omi ní àǹfààní kan: edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ tegungun tegungun ń fún ara ní ohun tí egungun ń fẹ́. Iyọ̀ tó pọ̀ nínú ọbẹ̀ ni kí wọ́n ṣọ́.

Ẹ gbọ́ èyí ná, nítorí ọmọ òkun ni wọ́n. Nínú gbogbo ẹranko tó wà láyé, díẹ̀ kínún ni abo wọn ń dáwọ́ ọmọ bíbí dúró tí wọ́n á tún pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀. Inú omi lọ̀pọ̀ àwọn tó bá èèyàn dọ́gba nínú èyí wà, àwọn irú àbùùbùtán tó léyín. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní orca kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dún tí ẹja bá wọ́n, àwọn ìyá arúgbó tí kò bímọ mọ́ yìí ló ń ṣáájú agbo lọ síbi tí oúnjẹ wà. Wọn ò lé wọn kúrò lágbo.

Ní ti oògùn họ́mónù táwọn kan ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òótọ́ ni pé òun ló ń ká ooru ara lọ́wọ́ kò jù. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé lọ́dún 2002 nígbà tí wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró nílẹ̀ Amẹ́ríkà lórí àwọn obìnrin 16,608, nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú fi nǹkan bíi mẹ́jọ pọ̀ sí i lọ́dún kan nínú obìnrin 10,000 tó lo oríṣi méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà ti dàgbà, ọjọ́ orí wọn bá a pín dọ́gba jẹ́ 63. Fún ẹni tí kò tí ì pé ọgọ́ta ọdún, tí kò sì tí ì pé ọdún mẹ́wàá tó dáwọ́ dúró, àǹfààní ẹ̀ ju ewu ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀. Ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí rọpárọsẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ilé-ọmọ ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ lo estrogen nìkan láìfi progesterone sí i, nítorí ẹní lé ẹní tí wọ́n sọ lókè yẹn lè di jẹjẹrẹ. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé àpótí oògùn kiri inú ọkọ̀.

Ìyá tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbì kan, kó lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn, kó ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ òun ṣe tó, kó sì mú ìwé tó ń kọ ọjọ́ nǹkan oṣù ẹ̀ sí dání. Bó bá ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgbókòdá, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn yẹn ló máa sọ bóyá kó tẹ̀ síwájú lọ Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Kó mú ọkọ ẹ̀ dání bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò tí ì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí.